Ọmọ mi ń sunkún nídìí kíbọ́ọ̀dù, gángan ló fẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Mofẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo gbé wá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó wà ní praímárì kẹrin. Wọ́n ń kọ́ wọn ní kíbọ́ọ̀dù nílé ìwé, owó ọ̀tọ̀ la sì ń san lé e ní sáà kọ̀ọ̀kan. Láti sáà tó kọjá, bó bá ti di ọjọ́ kíbọ́ọ̀dù, inú á máa run ún, á ní òun ò lè lọ. Bó bá wá délé, orí tábìlì ni o, orí agolo mílíìkì ni o, ìlù ló ń lù. A lọ síbi òkú àgbà kan ní Ìsẹ́yìn, ẹ̀yìn àwọn onílù ló wà títí a fi ń lọ. Ó ń sọ ohun tí ìlù ń wí fún mi kí èmi tó gbọ́ ọ. Gángan ló ní òun fẹ́.

Bàbá rẹ̀ ní ká dá gbogbo rẹ̀ dúró, kó gbájú mọ́ ìṣirò àti English, torí common entrance ò jìnnà mọ́. Ìyá ọkọ mi ní a kì í ṣe ọmọ Àyàn, pé obìnrin kì í sì í lùlù. Èmi ò fẹ́ pa ohun tó wà lára ọmọ, àmọ́ n ò tún fẹ́ kó jẹ́ pé ohun tó bá ti le díẹ̀ ni á máa sá fún. Mo ní owó kékeré kan tí mo tọ́jú. Ṣé kíbọ́ọ̀dù ni kí n fi rà sílé ni, àbí ìlù? Ẹ bá mi dá sí i.

Olùdarí Akọrin (Òṣogbo)

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Mofẹ́. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kíbọ́ọ̀dù àti orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Tèmi ni pé kó má tíì fi í sílẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń le jù, torí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe tiẹ̀, ọwọ́ òsì ń ṣe tiẹ̀, ojú tún ń wo ìwé. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, tó lè lu orin kan tó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀yin gan-an lẹ máa lé e dìde nídìí rẹ̀.

Àmọ́ mo ní ìbéèrè kan: ṣé kíbọ́ọ̀dù wà nílé? Ọmọ tó ń fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ò lè gbádùn rẹ̀ láé, gbogbo ọ̀sẹ̀ ló máa dà bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má ra èyí tí kíì rẹ̀ kéré bíi tohun ìṣeré. Kó ní kíì 61, kí kíì náà tóbi bó ṣe yẹ, kó sì jẹ́ pé bó bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, á dún jẹ́jẹ́, bó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, á ké sókè. Ẹ wò ó bóyá ó ń lo bátìrì, torí iná wa. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ tẹ kíì rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan láti òpin dé òpin kí ẹ tó sanwó.

Ohun kan tó ku: ẹ má jẹ́ kó mọ bọ́tìnnì transpose rárá, èyí tó máa ń gbé orin lọ sí key míì fúnra rẹ̀. Ó ti ba ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á mọ key F nìkan, bọ́tìnnì á máa bá wọn ṣe ìyókù.

Bàbá Kọ́lá (Abẹ́òkúta)

Ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn bàbá ọmọ. Mo ti rí àwọn ọmọkùnrin tó mọ kíbọ́ọ̀dù lù dáadáa, láti vigil dé vigil, tí WAEC wá di ẹ̀ẹ̀mẹta. Orin dára, àmọ́ iwájú ìwé kọ́ ni ipò rẹ̀. Bí ẹ bá sì ní kó fi ṣe iṣẹ́ lọ́la, ẹ mọ̀ pé yunifásítì ò ní gbà á láìní Grade 8 nínú ìdánwò orin ti Lọ́ńdọ̀nù. Owó mélòó la máa ná kó tó débẹ̀? Kó wọ sẹ́kọ́ńdìrì ná.

Ọmọ Àyàn (Ọ̀yọ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé. Ìdílé Àyàn ni wọ́n bí mi sí, ìlù ni bàbá mi àti bàbá tó bí i fi jẹun, òun náà ni mo fi ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ Màmá àgbà. Òótọ́ ni pé láyé àtijọ́, ọkùnrin ló ń lùlù nílé wa, àwọn obìnrin ń sun rárà, wọ́n ń kì. Ṣùgbọ́n ta ni ò tíì gbọ́ nípa Aralọlá Ọlámúyìwá, tí wọ́n ń pè ní Ara, obìnrin tó gbé gángan kọ́ apá dé orí ìtàgé ńláńlá? Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lu ìṣáájú (ìlù tó ń tẹ̀ lé ìyáàlù, olórí ìlù tó ń sọ̀rọ̀) lẹ́yìn wa nísinsìnyí, ẹnikẹ́ni ò bá a jà. Bó bá jẹ́ ẹ̀rù ẹ̀sìn ló ń ba Màmá, Mùsùlùmí ni mí, púpọ̀ nínú wa ni ò sì yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ọmọ bọ nǹkan kan kó tó mú kọ̀ǹgọ́. Ká má jẹ́ ọmọ Àyàn ò ní ká má kọ́ ọ. Ohun tí ọmọ Àyàn fi ju ẹlòmíràn lọ ni pé orí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ìlù.

Ẹ̀yin sọ pé ẹ ò fẹ́ kó máa sá fún ohun tó le. Ìyá wa, ìlù ò rọrùn ju kíbọ́ọ̀dù o. Nílé tiwa, ọmọ kì í fi ìlù tó ń sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìṣáájú la máa gbé lé e lọ́rùn, ìlù kan ṣoṣo náà ni á máa lù, kò ní dúró, kò ní sáré, títí ìyáàlù á fi sọ̀rọ̀ tán. Ó lè lé ní wákàtí kan. Àwọn míì á bẹ̀rẹ̀ lórí kẹríkẹrì, ìlù àtẹ̀lé míì. Ẹni tí ò bá lè di ojú ìlù mú báyẹn, bó bá gba ìyáàlù, ariwo ló máa pa.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín tó wú mi lórí ni pé ó ń gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Ìyẹn la máa ń fi ọdún kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀ nílé kí ẹ tó ra nǹkan kan. Ẹ ní kó kọ orúkọ ara rẹ̀ lórin: Mofẹ́, re mí. Lọ́jọ́ tó bá mú gángan, á fún osán (awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀) díẹ̀ fún "Mo," á fún un dáadáa fún "fẹ́." Lẹ́yìn náà, kó kọ "Ẹ káàbọ̀." Ibẹ̀ niṣẹ́ wà. "Káà" yẹn ń ti òkè bọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì la ó lu awọ. Á lù ú nígbà tí osán ṣì le, á wá dẹwọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ohùn máa yọ́ bọ̀ nísàlẹ̀, kó tó lu "bọ̀." Bó bá yára dẹwọ́ jù, "ẹ kábọ̀" lásán ló máa sọ. Bó bá pẹ́ jù, á di ọ̀rọ̀ míì.

Nípa rírà: ẹ má lọ ra èyí tí wọ́n ń tà fún ẹ̀ṣọ́ ilé. Okùn lásán ni wọ́n fi ń ṣe osán rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì ní yí. Ẹ gbé e sábẹ́ abíyá, ẹ lù ú, kí ẹ wá fún osán. Ohùn gbọ́dọ̀ gòkè láìjá, kó tún padà síbi tó wà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kan ìlù, ní Ọ̀yọ́ níbí tàbí ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, kí ẹ mú ọmọ dání. Apá rẹ̀ la máa fi wọ̀n ọ́n.

Ìyá Ìbejì (Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Àyàn, ojú mi ń ṣomi. Àwa níbí ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ ní gángan, a ò rí, ẹ̀yin ní wọn lẹ́yìnkùlé.

Ìbejì mi méjèèjì ń kọ́ orin. Táyé ń ta fayolíìnì, Kẹ́hìndé ń fọn tirọ́ḿpẹ́ẹ̀tì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwé lè bá ọmọ yá ohun èlò nípasẹ̀ music hub, ètò ẹ̀kọ́ orin àdúgbò, kí òbí tó rà á. Ìyẹn ràn wá lọ́wọ́ gan-an, torí fayolíìnì ọmọdé ní ìwọ̀n. Ti ìdá mẹ́rin kan ni Táyé fi bẹ̀rẹ̀, ó ti di ìlàjì nísinsìnyí, yóò sì tún pààrọ̀ kó tó kan èyí tó pé. Kẹ́hìndé ní tiẹ̀ ní láti ní sùúrù. Olùkọ́ ní kí eyín iwájú tó wà títí ayé hù tán ná, torí eyín ni ètè ń gbára lé nídìí tirọ́ḿpẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ grade tí Bàbá Kọ́lá sọ: ABRSM, àjọ ìdánwò orin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń ṣe èyí tó gbajúmọ̀ jù, láti 1889 ni wọ́n ti wà. Grade 1 dé 8 ni, kò sí pé ọjọ́ orí gbọ́dọ̀ tó báyìí, kò sì pọn dandan kí ọmọ ṣe gbogbo rẹ̀ tẹ̀léra. Níbí, Grade 6, 7 àti 8 máa ń fi máàkì UCAS, àjọ ìgbàwọlé yunifásítì níbí, kún ti ọmọ tó ń wọ yunifásítì, ìdí nìyẹn tí àwọn òbí fi ń lé e. Láti 2020, wọ́n tún ní èyí tí ọmọ máa fi fídíò ṣe, á lu orin mẹ́rin, wọ́n á fi ránṣẹ́. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn náà lè ṣe é. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìdánwò di pàṣán. Mo mọ ọmọ kan tó ní Grade 5, ẹ ní kó lu orin ọjọ́ ìbí fún màmá rẹ̀ àgbà, kò lè lù ú àfi bí ìwé bá wà níwájú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kó mú ọ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí common entrance ń bọ̀ wá bá kò lè gbé kíbọ́ọ̀dù àti gángan pọ̀. Kó mú èyí tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, kí ẹ sì jókòó tì í bó bá ń lù ú. Bí ẹ ò tiẹ̀ mọ nǹkan kan níbẹ̀, ìjókòó yẹn ju owó lọ.

Tìlùtìfọn (Ifẹ̀)

Bàbá Kọ́lá, ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ Grade 8 yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Music ni mo kà ní yunifásítì ní Ifẹ̀. Krẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń bèèrè, English wà lára rẹ̀, kí èèyàn sì ṣe JAMB. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn iṣẹ́ tó fẹ́ rí, brochure JAMB ló máa sọ ọ́. Ó dára bí ọmọ bá ti mọ nǹkan lù, torí wọ́n lè ní kó lù ú kí wọ́n gbọ́. Èmi ò ní grade kankan nígbà tí mo wọlé, kíláàsì mi sì kún fún irú mi. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ Music ò sì mọ sí Ifẹ̀. Nsukka ti ń kọ́ ọ láti 1961. Poli Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka rẹ̀. Ní Oníkan ní Èkó, MUSON, ẹgbẹ́ olórin Nàìjíríà, ní dípúlómà ọdún méjì, MTN Foundation ló sì ń ṣe ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn tó bá yege níbi àyẹ̀wò wọn. Ẹni tó mọṣẹ́ ló ń wọ ibẹ̀, kì í ṣe ọmọ olówó.

Ìyá Ìbejì, ibi tí mo ti yapa sí tiyín ni pé kó mú ọ̀kan. Kí ló dé tí a fi ń rò pé ìlù àti dùùrù ń bá ara wọn jà? Akin Euba, ọmọ Nàìjíríà tó kọ orin sílẹ̀, tí a bí ní 1935, bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi dùùrù mọ̀ ọ́n. Ní 1952, ó lọ sí Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwádìí tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana ní 1974 ńkọ́? Ìlù dùndún ló dá lé. Òun náà ló sọ pé a lè fi dùùrù lu ìlù Áfíríkà, African pianism ló pè é. Olùkọ́ tó bá gbọ́n, inú ìlù tí Mofẹ́ ń lù lórí agolo ni á ti mú ẹ̀kọ́ kíbọ́ọ̀dù jáde. Dò re mí tí wọ́n fi kọ́ ọ ní àmì ohùn nílé ìwé náà wà lórí kíbọ́ọ̀dù níbẹ̀.

Bàbá Kọ́lá (Abẹ́òkúta)

Tìlùtìfọn, mo gbọ́ ti Grade 8, ẹ ṣeun. Àmọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ka Music, kí ló fi ń jẹun?

Tìlùtìfọn (Ifẹ̀)

Èmi ń kọ́ni nílé ìwé aládàáni kan, mo ń kọ́ ọmọ mẹ́fà nílé wọn, mo tún ń kọ orin sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin tó bá bẹ̀ mí. Ẹlẹgbẹ́ mi kan wà ní sítúdíò, òmíràn ń ṣe orin inú fíìmù. Kò sẹ́ni tó ń kó owó banki nínú wa, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sà.

Ìyá Mofẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, gbogbo yín. Nítorí ìbéèrè Olùdarí Akọrin ni mo ṣe pe ọmọ jókòó. Òótọ́ ni, kò sí kíbọ́ọ̀dù nílé. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn ló dùn mí. Ó ní bí ìka bá ṣi kíì, rúlà ni olùkọ́ fi ń gbá eegun ẹ̀yìn ọwọ́ wọn. Ó fi ọwọ́ hàn mí. Ó ní ìdí tí inú fi máa ń run òun nìyẹn. Ó tún ní òun fẹ́ràn ohùn kíbọ́ọ̀dù.

Olùdarí Akọrin (Òṣogbo)

Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, Ìyá Mofẹ́. Ẹ mú un kúrò ní kíláàsì yẹn lọ́la. Kí ẹ lọ rí ọ̀gá ilé ìwé, ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, torí àwọn ọmọ tó kù ṣì wà níbẹ̀. Ìka tó ń bẹ̀rù máa ń le gbagidi, ìka tó le gbagidi ò sì lè lu dùùrù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Kọ́lá (Abẹ́òkúta)

Wọ́n nà wá nílé ìwé, a sì mọ̀wé. Ká má sọ ọ́ di ẹjọ́.

Ọmọ Àyàn (Ọ̀yọ́)

Bàbá Kọ́lá, wọ́n fi kọ̀ǹgọ́ gbá èmi náà lórí nílé wa, mo sì mọ ìlù. Àmọ́ mo ní àbúrò méjì tí etí wọn dáa ju tèmi lọ, nítorí ẹgba yẹn ni wọ́n ṣe lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. A ò ka irú wọn mọ́ àwọn tí ẹgba kọ́. Mi ò na ọmọ kankan tí mò ń kọ́.

Ọwọ́ Òsì (Èkó)

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin àgbà. Kíbọ́ọ̀dù ni mò ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì, etí ni mo fi kọ́ ọ. Olùdarí Akọrin sà, ọ̀rọ̀ transpose yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹwọ́ díẹ̀. Bí akọrin bá ṣàdéédé gbé orin sí C sharp nígbà ìyìn, tí ẹni tó ń lù ú jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, bọ́tìnnì yẹn ló máa gbà á sílẹ̀ kó má dákẹ́ lójú ìjọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn àbúrò mi ni pé kí wọ́n lò ó lọ́jọ́ Sunday, àmọ́ láti Monday dé Saturday, kí wọ́n gbé orin kan náà gba gbogbo key kọjá.

Ìyá Mofẹ́, bí owó bá há, ẹ wo Boys' Brigade tàbí Girls' Brigade ní ṣọ́ọ̀ṣì tó bá wà nítòsí. Ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń kọ́ ọmọ ní ìlù báńdì àti fèrè, ẹgbẹ́ sì ni wọ́n jọ ń lù ú. Ọmọdé kì í fẹ́ dá nìkan lùlù.

Olùdarí Akọrin (Òṣogbo)

Ọwọ́ Òsì, mo gba ti ọjọ́ Sunday. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni mò ń sọ, kó má fi ṣe igi ìtìlẹ̀.

Ìyá Mofẹ́ (Ìbàdàn)

A ti lọ sílé ìwé, èmi àti bàbá rẹ̀. Ó bínú ju mí lọ nígbà tó rí ọwọ́ ọmọ. A ti mú un kúrò ní kíláàsì náà, ọ̀gá sì ti pe olùkọ́ síwájú wa. A fẹnu kò pé gángan la máa rà báyìí. Owó kíbọ́ọ̀dù tí a kì í san nílé ìwé mọ́, ibì kan la ó máa kó o jọ sí títí ọdún tó ń bọ̀, ká fi ra ti ilé. Bàbá rẹ̀ ní kó parí iṣẹ́ àṣetiléwá kó tó fọwọ́ kan ìlù. Ìyá ọkọ mi ò tíì sọ̀rọ̀, àmọ́ ó bi mí lánàá pé ṣé lóòótọ́ ni Mofẹ́ lè fi ìlù ki oríkì òun.

Ìbéèrè méjì péré ló kù, Ọmọ Àyàn. Ẹni tó máa kọ́ ọ ní Ìbàdàn ńkọ́? Báwo la ṣe ń tọ́jú ìlù, kó má bàjẹ́?

Ọmọ Àyàn (Ọ̀yọ́)

Inú mi dùn sí bàbá ọmọ. Ìbàdàn kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń wá onílù tì. Bí ẹ bá rí àwọn tó mọ ọ́n níbi ayẹyẹ, ẹ má bá ẹni tó ń lu ìyáàlù sọ̀rọ̀ lójú iṣẹ́, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ pè é lọ́jọ́ kejì. Kó jẹ́ ilé yín ni á ti máa kọ́ ọ, kí ẹ̀yin tàbí bàbá rẹ̀ wà ńlé. Kó má tẹ̀ lé wọn lọ òde alẹ́.

Ní ti ìtọ́jú, eku ni ọ̀tá àkọ́kọ́, awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ mọ́jú. Ẹ fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri níbi gíga, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí òjò bá ń rọ̀, awọ á rọ̀, ohùn á kú. Ẹ sá a sóòrùn díẹ̀ kó tó lù ú, kì í ṣe oòrùn ọ̀sán gangan. Nígbà ọyẹ́, awọ á le, ó lè ya, nítorí náà kó má fi osán sílẹ̀ ní fífún bó bá lù ú tán. Bí osán bá já, ẹ má fi okùn ọ̀rá so ó, ẹ gbé e padà wá fún ẹni tó kàn án. Ẹ mú un wá lọ́jọ́ Sátidé tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, kó wọ aṣọ tí apá rẹ̀ kúrú, ká lè rí bó ṣe mú osán.

Ìyá Mofẹ́ (Ìbàdàn)

Sátidé yìí ni, sà. Màmá àgbà ní òun náà ń bọ̀.